Òkè Ìdànrè fún ọjọ́ mẹ́ta: bí ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì ṣe lè fi ìrìn-àjò kọ́ ọmọ níwà

Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló ti kọ ọ́ sára ògiri: Òtítọ́, Ìfaradà, Ìtọ́jú ẹnìkejì. Ọmọ SS 1 lè ka gbogbo rẹ̀ lórí láìwo ògiri. Èyí tó ṣòro ni kí tíṣà rántí ọjọ́ kan pàtó tí òun fojú ara òun rí ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́ ọmọ náà. Ìrìn-àjò orí òkè lè mú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ wá, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìrìn-àjò. Bó bá jẹ́ tíṣà ló ka omi, tíṣà ló mọ̀nà, tíṣà ló se oúnjẹ, tí àwọn ọmọ kàn ń tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń ya fọ́tò, ìgbafẹ́ nìyẹn. Ìgbafẹ́ kò burú, àmọ́ ẹ má pè é ní ẹ̀kọ́ ìwà nínú lẹ́tà tí ẹ máa kọ sí àwọn òbí.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ilé-ìwé tó fẹ́ kó akẹ́kọ̀ọ́ 24 láti SS 1 àti SS 2 lọ sí Òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, láti Fúráìdè sí Sọ́ńdè. A mú Ìbàdàn bí ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Ìdí tí Ìdànrè fi dára fún àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ni pé àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló gbéni gòkè, ibi ìsinmi márùn-ún sì wà lójú ọ̀nà, nítorí náà kò sí ẹni tó máa ṣìnà ní ìbẹ̀rẹ̀. Lókè ni ìlú àtijọ́ wà, tòun ti ààfin Ọwá, ilé ẹjọ́ àti ilé-ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀ nígbà tí àwọn ará ìlú kó sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni àtẹ̀gùn parí sí, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú fúnra wọn.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa. Ní 1951 ni wọ́n dá ibùdó Man O' War Bay sílẹ̀ létí òkun lápá Gúúsù Kamẹrúùnù, nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀ pọ̀ mọ́ Nàìjíríà. Alec Dickson ló darí rẹ̀ nígbà náà, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ Man O' War tí a mọ̀ nílé-ìwé ti gba orúkọ. Àwọn òfin díẹ̀ nínú ètò Duke of Edinburgh's Award, tó bẹ̀rẹ̀ ní Britain ní 1956 tó sì wà ní Nàìjíríà náà, wúlò fún wa: ọmọ tí kò tíì pé 14 kì í sábà bá wọn lọ, ẹgbẹ́ kan kì í dín ní 4, kì í sì í ju 7 lọ. Ìdí tí wọ́n fi ní ó kéré tán 4 ni pé bí ọ̀kan bá fara pa, ẹnì kan á dúró tì í, àwọn méjì yòókù á jọ lọ wá ìrànwọ́, tí ẹnikẹ́ni kò ní dá rìn. Ẹgbẹ́ 4 tó ní ọmọ 6 nínú la máa lò níbí.

Ẹ yan ìwà mẹ́ta, kí ẹ sọ ọ́ di ohun tí ojú lè rí

Ibí ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń wọ́. Wọ́n á kọ “kí akẹ́kọ̀ọ́ di aṣáájú rere” sí ìwé, tó bá sì di ọjọ́ ìrìn-àjò, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ kí òun máa wò. Ẹ mú mẹ́ta péré lára èyí tó wà lára ògiri yín, kí ẹ wá bi ara yín pé: bí ọmọ bá ní ìwà yìí, kí ni a máa rí i tó ń ṣe lórí òkè?

Òtítọ́, fún àpẹẹrẹ: ẹni tí omi rẹ̀ ti fẹ́ tán á sọ ọ́ ní ibi ìsinmi tó kàn, kò ní dákẹ́ torí ìtìjú. Olùṣọ́ àkókò á kọ aago tí wọ́n dé gan-an sílẹ̀, kì í ṣe aago tó yẹ kí wọ́n dé. Ìtọ́jú ẹnìkejì: ìrìn ẹni tó lọ́ra jù ni gbogbo ẹgbẹ́ á máa rìn, òun ló sì máa wà níwájú, kì í ṣe lẹ́yìn. Èyí máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu. Bí ẹni tó lọ́ra bá wà lẹ́yìn, ìgbà tó bá dé ibi ìsinmi ni àwọn tó ti sinmi tán á dìde, òun tó nílò ìsinmi jù lọ kò sì ní rí i sinmi. Ìfaradà: ọmọ tó ti rẹ̀ á ṣì ka ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ kó tó jókòó.

Ẹ kọ àwọn ìṣe yìí sórí ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ kà á fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó lọ. Kì í ṣe pàkúté. Ó yẹ kí wọ́n mọ ohun tí à ń wò.

Ọjọ́ tó dára

Ìparí oṣù kọkànlá, tàbí oṣù kìíní lẹ́yìn tí táàmù kejì bá ti wọlé. Láti oṣù kẹta ni òjò àkọ́rọ̀ ti ń mú àrá lọ́wọ́, orí àpáta tó tẹ́jú tí kò ní igi kì í ṣe ibi tó yẹ kí àrá bá ọmọ ẹlòmíì. Nígbà òjò pẹ̀lú, ohun dúdú tó ń hù lára àpáta máa ń yọ̀ bí ọṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ wo kàlẹ́ńdà ààwẹ̀ Ramadan: ní 2026 àti 2027, oṣù kejì ló bẹ̀rẹ̀, ó sì wọ oṣù kẹta. Ọmọ tó ń gbààwẹ̀ kò lè mu omi lójú ọ̀nà, kò sì tọ́ kí ẹ fi í sí ipò pé kó yan ọ̀kan.

Oṣù ọ̀yẹ́ ní tirẹ̀ ní ohun mẹ́ta tó ń báni jà: erùpẹ̀ tó ń yọ ẹni tó ní ikọ́ fée (asthma) lẹ́nu, òtútù òru tí àwọn ọmọ Ìbàdàn kì í múra sílẹ̀ fún, àti ibà Lassa. Òǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà Lassa ti ń jà jù ní Nàìjíríà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló sì máa ń gbilẹ̀. Kò ní kí ẹ má lọ. Ohun tó ń béèrè ni pé kí oúnjẹ wà nínú ike líle tó ní ìdérí, kì í ṣe nínú ọ̀rá tàbí àpò, nítorí eku ló ń gbé àìsàn náà kiri. Oúnjẹ tí eku bá ti fẹnu kàn, ẹ dà á nù, ẹ má wulẹ̀ gé ibi tó jẹ kúrò. Ẹ má ra ẹran ìgbẹ́ yíyan ẹ̀bá títì fún ọmọ kankan.

Ìwé àti àwọn èèyàn

Ó kù ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó òkè náà, kí ẹ béèrè owó ìwọlé àti owó amọ̀nà ìlú, kí ẹ sì gba èsì lákọsílẹ̀. Ẹ wá ilé-ìwé kan nínú ìlú Ìdànrè tó máa yá yín ní gbọ̀ngán méjì, ọ̀kan fún àwọn ọmọkùnrin, ọ̀kan fún àwọn ọmọbìnrin. A kò dá a lábàá pé kí ẹ sun orí òkè nígbà àkọ́kọ́. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru, ẹ máa ní láti gbé aláìsàn sọ àtẹ̀gùn tó lé ní 600 kalẹ̀ nínú òkùnkùn.

Àgbàlagbà 5 ló máa bá ọmọ 24 gòkè: tíṣà mẹ́rin, obìnrin méjì, ọkùnrin méjì, àti nọ́ọ̀sì kan. Amọ̀nà ìlú ló ṣìkẹfà. Awakọ̀ kì í gòkè. Òun àti mọ́tò ló máa wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú epo tó pọ̀ tó láti dé ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sì gbọ́dọ̀ wà lápò rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù òbí ní láti ju “mo gbà” lọ. Ẹ béèrè jẹnotáìpù, ikọ́ fée, wárápá, oògùn tí ọmọ ń lò lọ́wọ́, oúnjẹ tí ara rẹ̀ kọ̀, nọ́ńbà fóònù méjì tó ń wọlé. Ẹ pe nọ́ńbà méjèèjì kí ọjọ́ tó pé. Tí jẹnotáìpù ọmọ bá jẹ́ SS (sickle cell), dókítà rẹ̀ ló máa sọ bóyá ó lè lọ, kì í ṣe tíṣà, kì í ṣe ìyá rẹ̀ nìkan. Bó bá gbà, omi ọmọ náà á pọ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, aṣọ òtútù rẹ̀ á nípọn, wọn kò sì ní jẹ́ kó fi ìrìn díje pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Ẹ má fọgbọ́n yọ orúkọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láìbá a sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ máa ń mọ̀, wọ́n sì máa ń rántí.

Ọ̀rọ̀ ààbò: ẹ fi ọjọ́ àti ọ̀nà tí ẹ máa gbà tó àwọn ọlọ́pàá àti Àmọ̀tẹ́kùn létí, kí ẹ má sì jẹ́ kó dé orí Facebook tàbí WhatsApp kí ẹ tó padà délé. Àwọn òbí tó ń fi inú dídùn gbé ètò ìrìn-àjò sórí status ni wọ́n sábà máa ń tú àṣírí yìí. Ẹ bá wọn sọ ọ́ ní ìpàdé. Ọ̀sán nìkan ni kí ẹ rìn. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì, 122 ni ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Ẹ kọ méjèèjì sórí káàdì tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa gbé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ìmúra

Ẹ má kó ọmọ tí kò tíì rìn ju láti ẹnu géètì dé kíláàsì lọ sórí òkè. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ pín ẹgbẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yan ọ̀rẹ́ wọn, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ẹnì kan tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí, kí ó lè bá ẹni yẹn wà pọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, kìlómítà 4 pẹ̀lú báàgì kílò 3. Ọ̀sẹ̀ kẹta, kìlómítà 6, kí wọ́n sì se ìrẹsì fúnra wọn nígbà tí wọ́n bá dé. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, kìlómítà 8 pẹ̀lú bàtà tí wọ́n máa wọ̀ lọ gan-an. Bàtà kánfáàsì tó ní ìlà jíjìn nísàlẹ̀ ló dára. Sàǹdáàlì ilé-ìwé máa ń já, bàtà tuntun sì máa ń bó ẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, kí wọ́n sun òru kan nínú gbọ̀ngán ilé-ìwé tiyín, láìsí fóònù. Òru yẹn ló máa ń fi ẹni tó ń rìn lójú oorun hàn, ẹni tó ń tọ̀ sí ẹní, àti ẹni tó ń bẹ̀rù òkùnkùn. Ó sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n nílé. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìsinmi àti àyẹ̀wò ẹrù.

Láàárín àkókò yìí ni kí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń ṣírò àkókò. Ọ̀gbẹ́ni ará Scotland kan, William Naismith, ló gbé ìṣírò kan kalẹ̀ ní 1892: wákàtí kan fún kìlómítà 5, kí a fi wákàtí kan kún un fún mítà 600 tí a bá gùn sókè. Ìyẹn wà fún àgbàlagbà tó ti mọ òkè lára, nínú òtútù. Fún ọmọ ọdún 15 nínú oòrùn wa, ẹ fi kìlómítà 3 ṣe wákàtí kan, ìṣẹ́jú 10 fún mítà 100 tí wọ́n bá gùn, àti ìsinmi ìṣẹ́jú 10 fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀nà bá jẹ́ kìlómítà 6, tó sì gòkè ní mítà 250, ìrìn jẹ́ wákàtí 2, gígùn jẹ́ ìṣẹ́jú 25, ìsinmi á tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 25: ó tó wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 50. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ìṣírò yìí fún ìrìn ọ̀sẹ̀ kẹrin, kí wọ́n wá fi wé aago tí wọ́n dé. Kó lè wà lára wọn ni, kò dìgbà tó bá bá a mu.

Ẹ kọ́ wọn ní fèrè pẹ̀lú. Ẹ̀ẹ̀kan: dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì: ẹ wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, kí a sinmi fún ìṣẹ́jú kan, kí a tún fọn ọ́n: ewu. Ẹni tó bá fọn mẹ́fà ṣeré, ẹ gba fèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Omi, oúnjẹ, ẹrù

Lítà 3 ni ẹnì kan nílò lọ́jọ́ tí wọ́n máa gòkè. Píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ séńtílítà 50, nítorí náà ó jẹ́ 6 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èèyàn 30 nìyẹn pẹ̀lú amọ̀nà: 180, ìyẹn àpò 9 tó ní 20 nínú. Ẹ ra 11, kí méjì wà nínú mọ́tò. Kí àwọn ọmọ ló ṣe ìṣírò yìí, kí wọ́n sì lọ rà á ní ìlú Ìdànrè lálẹ́ Fúráìdè. Ìṣòro píọ̀ wọ́tà ni pé ó máa ń bẹ́ nínú báàgì. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú ọ̀rá kejì, kó gbé wọn sókè jù, kó má fi agolo tàbí tọ́ọ̀ṣì lé e. Ọ̀rá òfìfo gbọ́dọ̀ pé nígbà tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀: 6 lọ, 6 bọ̀. Olùtọ́jú omi ló máa kà á. Kò sí ohun tó ń fi ìwà hàn kedere bí ọ̀rá kẹfà tó sọnù, tí ẹgbẹ́ ń wo ara wọn lójú.

Báàgì kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 15 nínú 100 ìwọ̀n ọmọ lọ. Ọmọ tó bá wọn kílò 45, kílò 6 àti díẹ̀ ló lè gbé. Omi ti gba 3. Èyí tó kù ni aṣọ òjò, súwẹ́tà, búrẹ́dì, sàdíìnì agolo kan, ẹ̀pà, tọ́ọ̀ṣì, ìwé kékeré àti bírò, àti páàdì fún gbogbo ọmọbìnrin, bóyá ó ń retí nǹkan oṣù tàbí kò retí. Tíṣà obìnrin á gbé àfikún, yóò sì ti sọ fún wọn ṣáájú pé ọ̀dọ̀ òun ló wà.

Fún oúnjẹ alẹ́, kílò kan ìrẹsì tó fún ẹgbẹ́ ọmọ 6, pẹ̀lú omi tó lé díẹ̀ ní lítà 2. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan se tirẹ̀ lórí gáàsì kékeré kílò 3. A kò fẹ́ iná igi lásìkò ọ̀yẹ́, torí koríko gbígbẹ kò nílò ju ẹ̀ta iná kan lọ. Nínú mọ́tò, kí gáàsì dúró ṣánṣán, kí ẹnu rẹ̀ tì pa, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi fóòmù ọṣẹ wo ẹnu rẹ̀. Bí fóòmù bá ń hó, ẹ má gbé e wọ mọ́tò. Ìrẹsì ẹgbẹ́ kan máa jóná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́, tàbí kí wọ́n lọ bá ẹgbẹ́ mìíràn sọ̀rọ̀. Kí tíṣà má sáré fún wọn ní tirẹ̀.

Fúráìdè

Kí mọ́tò gbéra ní aago 6:30 àárọ̀, kí ẹnikẹ́ni má wọlé láìso bẹ́líìtì. Ẹ gba Ifẹ̀ àti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́, kí ẹ tó yà sí Ìdànrè. Ẹ ti mú ibi tí àwọn Mùsùlùmí máa ti kí Jímọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ilé-ìwé yín bá ń sọ pé ìbọ̀wọ̀fúnni wà lára ìlànà rẹ̀, ìdúró wákàtí kan yìí ni àwọn ọmọ fi máa mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ẹ dé ṣáájú aago 4. Ẹ lọ kí àwọn àgbà tó yẹ kí ẹ kí. Kí amọ̀nà ìlú bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lálẹ́ yẹn nípa ibi tí wọn kò gbọ́dọ̀ dé lórí òkè àti ibi tí wọn kò gbọ́dọ̀ yà ní fọ́tò. Ìlú òrìṣà àti ààfin ni, kì í ṣe ọgbà ìṣeré.

Sátidé lórí òkè

Kí wọ́n ti jẹun tán ní 6:30, kí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ kan àtẹ̀gùn ní aago 7. Ẹ gbọ́dọ̀ ti dé ìsàlẹ̀ padà ní 12:30, kí àpáta tó gbóná débi tó máa ń jó ọwọ́. Tí ẹ bá rí i pé aago 10:30 ti lù tí ẹ kò tíì dé ibi tí ẹ fẹ́ dé, ẹ yí padà. Ẹ sọ aago yìí fún olùṣọ́ àkókò, kó jẹ́ òun ló máa kéde rẹ̀.

Iṣẹ́ mẹ́fà ló wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: ọ̀gá ẹgbẹ́, olùwo máàpù, olùṣọ́ àkókò, olùtọ́jú omi, olùtọ́jú àpótí oògùn, àti ẹni ìkẹyìn, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ ọ̀gá ní ibi ìsinmi kejì àti ìkẹrin. Ní ibi ìsinmi kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ka nọ́ńbà wọn sókè, láti 1 dé 6. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kí ẹgbẹ́ kan fi ìṣẹ́jú 10 ṣáájú èkejì, kí ọ̀kan má baà máa lé ọ̀kan.

Tíṣà tó wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ máa ń rìn lẹ́yìn ni. Ìgbà mẹ́ta nìkan ló lè sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bi í: bí ewu bá wà, bí wọ́n bá fẹ́ rú òfin ibẹ̀, tàbí bí ẹnì kan bá bú ẹlòmíì. Èyí ṣòro fún wa. Gbogbo ìgbésí ayé tíṣà ni ó fi ń dáhùn ìbéèrè. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí: wọ́n dé oríta nínú ìlú àtijọ́, olùwo máàpù ní ọ̀tún ni, ọmọ kan láti ẹ̀yìn ní òsì ni, ọ̀gá ẹgbẹ́ wojú tíṣà. Kí tíṣà máa wo bàtà rẹ̀. Bí ọ̀nà òdì náà kò bá léwu, kó bá wọn rìn ín. Láìpẹ́ ẹnì kan á dúró, á ní “Ẹ jọ̀ọ́, ààfin ń jìnnà sí wa o.” Ọmọ yẹn sábà máa ń jẹ́ ẹni tó ní òsì ni, tàbí ẹni tó ní ọ̀tún. Ti ẹni ọ̀tún ló dùn jù láti gbọ́, torí ó ń jẹ́wọ́ ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibi ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn, ìyẹn ojú ẹsẹ̀ kan tó wà lára àpáta, máa ń kún, gbogbo wọn ló fẹ́ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ wò. Ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn yòókù jókòó.

Ọmọ tó bá sọ pé òun kò lè gòkè mọ́, ẹ má fipá mú un, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kó dúró ní ibi ìsinmi pẹ̀lú tíṣà kan, kó sì gba iṣẹ́ gidi: kó máa kọ aago tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọjá lọ àti aago tí wọ́n bọ̀. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ la máa lò lálẹ́.

Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra jù. Ẹsẹ̀ ti rẹ̀, ọkàn ti balẹ̀, orúnkún ló ń gbé gbogbo ìwọ̀n, ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ máa ń fẹ́ sáré. Ẹ pàṣẹ pé kí àtẹ̀gùn mẹ́ta ṣófo láàárín ẹnì kan àti èkejì.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Bí ọmọ bá ń làágùn púpọ̀, tí orí ń fọ́ ọ, tí èébì ń gbé e, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ bọ́ bàtà rẹ̀, ẹ fún un ní ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi) díẹ̀díẹ̀. Sáṣẹ́ẹ̀tì ORS kan tó máa wọ lítà omi kan, ìyẹn píọ̀ wọ́tà méjì. Bí kò bá sí, ṣíbí tíì 6 ṣúgà tó tẹ́jú àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ nínú lítà kan. Àmọ́ bó bá ti ń sọ ìsọkúsọ, tí kò mọ ibi tó wà, ìyẹn ti kọjá àárẹ̀. Ẹ da omi sí gbogbo ara rẹ̀, ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ má fi omi sí i lẹ́nu, kí wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ejò bá bu ọmọ jẹ: kí ó má rìn. Ẹ bọ́ aago àti bàtà, ẹ fi igi gbọọrọ di ẹsẹ̀ náà kó má mira, kí wọ́n gbé e. Ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má fi okùn fún un pa. Ẹ má ṣòfò àkókò láti lé ejò.

Ẹni tó ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ gbé ínhélà rẹ̀ sápò ara rẹ̀, kì í ṣe sínú àpótí nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn. Kó jókòó ṣánṣán, kó lò ó. Bí kò bá fúyẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 10, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Bí mànàmáná bá kọ, ẹ máa ka ìṣẹ́jú-àáyá. Bí àrá bá sán kí ẹ tó ka 30, ẹ kúrò lórí àpáta tó ga, ẹ má sá sí abẹ́ igi kan ṣoṣo. Ó di ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn àrá tó gbẹ̀yìn kí ẹ tó tún gòkè.

Ìjókòó alẹ́

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ Sátidé, kí wọ́n jókòó yípo, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tíṣà rẹ̀, fún ìṣẹ́jú 30, kó má jù bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta: Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ló fà á? Bó bá tún di ọ̀la, kí la máa ṣe yàtọ̀? Àwọn ọmọ wa gbọ́n, wọ́n á kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n mọ̀ pé tíṣà fẹ́ gbọ́: “Mo kọ́ pé ìṣọ̀kan dára.” Ẹ má gbà á. Ẹ bi í pé: “Ìgbà wo lónìí? Ta ló ṣe kí ni?” Ẹ dákẹ́. Ó lè pẹ́ díẹ̀, àmọ́ ọmọ kan á ní, “Nígbà tí omi mi tán ní ibi ìsinmi kẹta, mi ò sọ.” Ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí tíṣà má ṣe ìwàásù lé e lórí. Kó kàn béèrè ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe kó lè rọrùn fún ẹni náà láti sọ ọ́. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ìlà márùn-ún sínú ìwé rẹ̀ kó tó sùn. A kò fi máàkì sí i.

Lẹ́yìn tí ẹ bá padà dé

Ẹ sọ fún òbí lákọsílẹ̀ pé bí ibà bá mú ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n má kàn ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì sọ pé ó ti lọ sí ìpínlẹ̀ Òǹdó.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹ gbé iṣẹ́ orí òkè wọ ilé-ìwé kó tó tutù. Àwọn olùtọ́jú omi ló máa bójú tó omi mímu kíláàsì títí táàmù á fi parí, olùṣọ́ àkókò á máa lu agogo, ẹni ìkẹyìn ni yóò máa jáde gbẹ̀yìn láti rí i pé fèrèsé ti tì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ pe ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jọ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta kan náà nípa iṣẹ́ yìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú àkọsílẹ̀ tí àwọn tíṣà kọ lórí òkè lọ bá tíṣà kíláàsì. Káàdì ìparí táàmù ní apá ìwà tí a máa ń fi 1 sí 5 díwọ̀n: wíwá lákòókò, ìmọ́tótó, òtítọ́. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń kọ 4 fún gbogbo kíláàsì lálẹ́ ọjọ́ kan. Fún ọmọ 24 yìí, ẹ kọ nọ́ńbà, kí ẹ sì fi gbólóhùn kan tì í: ọjọ́ wo, níbo, kí ló ṣe.